Afẹ́fẹ́ Tí Kò Jà

Omi náà kò mì. Filemón fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri kúkúrú tó wà níwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wo adágún Chapala láti etí kan dé ìkejì, ó sì ń wá irọ́ tí òun máa pa. Àwọn ẹyẹ òfú funfun dúró lórí omi bí ohun tí wọ́n gbìn síbẹ̀. Ọkọ̀ apẹja kan wà láàárín, òjìji rẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀ láìfọ́. Èéfín iná ẹnì kan ní òdìkejì ń gòkè lọ gbọọrọ bí okùn kànga.

"Báwo ló ṣe rí?" Don Leobardo béèrè láti orí àga rẹ̀.

"Mo ṣì ń wò ó, Ẹnjiníà."

Ọdún méjìlélógún ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, Filemón á rìn wá láti ilé rẹ̀ lẹ́yìn ọjà Ajijic, á dúró nídìí ògiri yìí, á wo omi, á wá sọ pápá gọ́ọ̀fù tí wọ́n máa lọ. Don Leobardo kì í bá a jiyàn. Afárá ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́, àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́, ó ní ẹni tí wọ́n bí sétí omi ni kó sọ̀rọ̀.

Pápá mẹ́ta ni wọ́n ń yàn nínú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ wà létí adágún, ihò mẹ́sàn-án péré, pẹ̀lú àwọn igi yukalíptù àtijọ́ tí èèpo wọn ń bó. Òkè wà lórí òkè lẹ́yìn ìlú. Agbápò, ẹni tó ń gbé àpò ọ̀pá gọ́ọ̀fù bíi ti Filemón, gbọ́dọ̀ dúró mí lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dé ihò kẹrin, ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ èèyàn ń rí gbogbo adágún bí omi inú àwo. Ọ̀gbun jìnnà. Ó wà lẹ́yìn ìlú ńlá Guadalajara, létí àfonífojì kan tó jìn débi pé ẹyẹ igún ń fò nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ ẹni. Orúkọ tó wà lẹ́nu géètì wọn yàtọ̀. Orúkọ tí àwọn agbápò fún wọn nìyẹn. Bí omi bá dákẹ́, Ìsàlẹ̀ ni. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ìwọ̀-oòrùn wá, wọ́n á gba Òkè lọ, nítorí àpáta á dáàbò bò wọ́n. Bó bá jẹ́ Mexicano ló fẹ́ jà, afẹ́fẹ́ ìlà-oòrùn tó ń dojú ọkọ̀ apẹja dé, wọ́n á sá lọ sí Ọ̀gbun.

Òní ni Sátidé ìkẹyìn. Láàárọ̀ ọ̀la, Gerardo ọmọ Don Leobardo á wá láti Guadalajara, á sì mú bàbá rẹ̀ lọ sílé ara rẹ̀. Àárín ni ojú bàbá náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ó ń rí etí èèyàn, ó ń rí èjìká, ṣùgbọ́n ibi tí ojú yẹ kó wà, òkùnkùn ló wà níbẹ̀. Lóṣù tó kọjá ó da kọfí gbígbóná sí ẹ̀gbẹ́ ife, ó sì bó ọwọ́ ara rẹ̀. Gerardo ní ó tó gẹ́ẹ́.

"Yàn án dáadáa o," Don Leobardo wí. "Kò sí òmíràn mọ́ lẹ́yìn eléyìí."

Filemón tún wo omi. Àwọn ẹyẹ òfú kò tíì kúrò níbi tí wọ́n wà.

"Mexicano ń bọ̀," ó wí. "Kí ọ̀sán tó pọ́n, á ti dé. Kò ní jẹ́ ká gbádùn Ìsàlẹ̀, Òkè á sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gbun ló kù, sà."

Don Leobardo gbé ojú sókè. Ó na àgbọ̀n síwájú, bí ẹni tó ń retí kí nǹkan kàn án lójú. Kò sí nǹkan tó kàn án. Igi ọsàn wẹ́wẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ewé rẹ̀ kan kò mì.

"Mexicano," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n."

Ẹyin lohùn. Filemón gbọ́ bí tirẹ̀ ṣe fọ́ sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ó tẹríba, ó gbé àpò ọ̀pá gọ́ọ̀fù kọ́ èjìká.

Lẹ́nu géètì ni wọ́n ti pàdé Domitila, obìnrin tó ń se oúnjẹ fún bàbá náà láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó ń ti ọjà bọ̀, ẹja odidi kan wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀, ìrù rẹ̀ yọ síta.

"Ẹ ti ń jáde? Ẹ má pẹ́ ní Ìsàlẹ̀ o. Ẹja yìí ò ní dúró de ẹnikẹ́ni."

"Guadalajara là ń lọ," ni Filemón wí.

"Guadalajara kẹ̀? Ta ló kú níbẹ̀?" Domitila wo adágún, ó wo Filemón, ó tún wo adágún. "Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n—"

"Domitila," ni Don Leobardo wí, "ẹja ń jò sí ọ lẹ́sẹ̀. Gbé e wọlé."

* * *

Filemón ló ń wa mọ́tò bàbá náà láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe dé oríta tí wọ́n ń gbà yà sí Ìsàlẹ̀, fèrèsé ẹ̀gbẹ́ Don Leobardo wà ní ṣíṣí, ó sì yí orí sí òórùn náà.

"Yukalíptù," ó wí.

Kò sọ nǹkan mìíràn títí tí wọ́n fi gun òkè kọjá tí adágún fi wọ̀ lẹ́yìn wọn. Lẹ́yìn náà ló fi fóònù sọ fún Gerardo ibi tí wọ́n ń lọ.

Filemón di ìdarí mọ́tò mú, ó ń bá ara rẹ̀ rojọ́. Ṣé òun ò ní jẹun ni? Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀, kẹ̀kẹ́ oníná ni yóò máa gbé àpò kiri ní Ìsàlẹ̀. Wọ́n ti sọ fún gbogbo agbápò. Láti ọdún kan báyìí, Don Leobardo nìkan ló kù tó ń mú òun rìn. Ọ̀la, bàbá náà á lọ. Ulises ló sì jẹ́ olórí àwọn agbápò ní Ọ̀gbun. Ọmọ Ajijic ni, ọwọ́ Filemón ló ti kọ́ṣẹ́. Nígbà Kérésìmesì tó wá kí ìyá rẹ̀, ó ti là á mọ́lẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọ̀gá mi kì í fẹ́ gba ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Àmọ́ tí mo bá lè sọ pé mo fi ojú ara mi rí yín lẹ́nu iṣẹ́ lórí koríko wa, mo lè bá wọn jà á." Filemón ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Agbápò àjèjì kò sì lè wọ géètì Ọ̀gbun láìjẹ́ pé ẹni tó fẹ́ gbá gọ́ọ̀fù ló mú un wá. Lẹ́yìn òní, ta ni yóò tún mú un wọlé?

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ó sọ ọ́ nínú ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un sọ. Lẹ́ẹ̀kejì, kò fi bẹ́ẹ̀ mú un lọ́kàn le mọ́.

Ní Ọ̀gbun, àwọn agbápò jókòó sórí pèpéle lábẹ́ òrùlé wọn, gbogbo wọn wọ ẹ̀wù funfun tó ní nọ́ńbà lẹ́yìn.

"Ẹ wo ará etí omi!" ọ̀kan nínú wọn kígbe. "Bàbá, ṣé ẹ mú ẹja bọ̀?"

"Mo mú un bọ̀," Filemón dáhùn. "Nígbà tó rí ẹnu yín ló bẹ́ padà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ulises náà rẹ́rìn-ín, ó wá bọ Don Leobardo lọ́wọ́, ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó fi ọwọ́ náà sílẹ̀. Filemón rí i, ṣùgbọ́n kò ro nǹkan sí i. Èrò tirẹ̀ ni pé kí ọmọ náà wo òun dáadáa.

Ihò mẹ́sàn-án ni wọ́n fẹ́ gbá nínú méjìdínlógún, nítorí ara bàbá náà. Filemón ṣiṣẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ogún ọdún. Á gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, á di èjìká Don Leobardo mú, á yí i díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi kọjú sí ibi tó yẹ, á wá fi ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀ àti ogójì, sà. Kòtò iyanrìn wà lápá òsì. Ẹ má kà á sí." Bàbá náà á mí, á gbá a. Nígbà mìíràn bọ́ọ̀lù á lọ sínú igbó. Àmọ́ ní ihò keje ó gbá ọ̀kan tó dún bí ẹ̀ka gbígbẹ tó kán, Filemón sì ń wò ó bó ṣe gòkè, tó dúró lójú ọ̀run, tó wá bọ́ sórí koríko wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tó yí àsíá ká.

"Sà—"

"Má sọ ọ́. Ó ti dé ọwọ́ mi."

Wọ́n rìn. Oòrùn mú. Ariwo ọkọ̀ ńlá ń wá láti ojú títì, òórùn koríko gígé sì wà níbi gbogbo, òórùn tó mọ́ jù, bíi ti ilé ìwòsàn. Don Leobardo dúró lójijì láàárín ọ̀nà.

"Níbo ni adágún wà sí mi?"

Ó máa ń béèrè é ní Ìsàlẹ̀, ó máa ń béèrè é ní Òkè. Láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti ń kú ni. Filemón á kàn fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ lápá ibi tó wà, bàbá náà á dúpẹ́, wọ́n á máa lọ. Filemón wo yí ká. Igi, ilé alájà, òkè aláwọ̀ eérú. Kò mọ ibi tí adágún wà.

Ó fọwọ́ kan èjìká ọ̀tún rẹ̀.

Don Leobardo yí sí ọ̀tún. Ó ń fi imú wá nǹkan. Ó ní, "O ṣeun," wọ́n sì ń lọ.

Ihò kẹsàn-án wà níwájú ilé ńlá, níbi tí àwọn agbápò ti ń wo àwọn tó ń parí. Ulises dúró níbẹ̀, ó ká apá mọ́ àyà. Àwọn mẹ́ta mìíràn jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Bọ́ọ̀lù Don Leobardo wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́fà sí ihò.

"Mélòó ni?" ó béèrè.

"Méjìdínláàádọ́ta, sà. Bí eléyìí bá wọlé, ọ̀kàndínláàádọ́ta."

Àwọn méjèèjì mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí, nítorí bí iye ìgbà tí èèyàn gbá bọ́ọ̀lù bá ṣe kéré tó ló ṣe dára tó. Láti ọdún méjì, kò tíì sí ọjọ́ tó gbá a ní iye tí kò tó àádọ́ta. Ó ti máa ń sọ pé tí òun bá tún lè rí i lẹ́ẹ̀kan péré, òun á fi àwọn ọ̀pá náà kọ́ ògiri pẹ̀lú ayọ̀.

Filemón lóṣòó lẹ́yìn bọ́ọ̀lù. Ó mọ̀ pé Ulises ń wo òun. Ó wo koríko, ó wo ihò, ara rẹ̀ sì wá adágún, bí ara rẹ̀ ti ń wá a láti ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ohun tí àwọn àgbà agbápò Chapala kọ́kọ́ kọ́ ọ nìyẹn, kó tó mọ orúkọ ọ̀pá kankan: bí ojú rẹ bá ń sọ òmíràn fún ọ, má gbà á gbọ́, omi ló ń fà á, gbogbo bọ́ọ̀lù, adágún ló ń yí sí. Gúúsù ni adágún wà, oòrùn sì ti fi hàn án báyìí pé ọwọ́ ọ̀tún wọn ni gúúsù, ó dá a lójú. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Ọ̀tún ló máa yí sí, sà. Ẹ gbá a sí apá òsì ihò, bí àtẹ́lẹwọ́ méjì."

Don Leobardo dúró lórí bọ́ọ̀lù. Ó tẹ ẹsẹ̀ òsì mọ́lẹ̀, ó tẹ ọ̀tún, ó tún tẹ òsì, bí ẹni tó ń dán afárá wò.

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà."

Ó gbá a. Bọ́ọ̀lù lọ sí òsì bí wọ́n ti ní kó lọ. Ó dé ibi tó yẹ kó ti yí padà, kò yí padà. Òsì náà ló tún ń yí sí, ó ń yára sí i, ó kọjá ihò, ó sì lọ dúró ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí i.

"Ará etí omi!" ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó pariwo. "Wọ́n rò pé adágún tẹ̀ lé wọn wá!"

"Pa ẹnu ẹ mọ́," Ulises wí fún un. Ó wá sún mọ́ Filemón, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, àfonífojì ni nǹkan ń yí sí níbí. Apá ibẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ò lè mọ̀ ọ́n."

Filemón kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó lọ bá Don Leobardo, ó fẹ́ gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ mi ti sọ fún mi pé òsì ni," bàbá náà wí, ní ohùn tí àwọn yòókù kò lè gbọ́.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ, sà?"

"Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń gbọ́ tìẹ. Ṣé òní ni kí n wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ti ẹsẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó fi ọwọ́ wá apá Filemón, ó dì í mú, wọ́n sì kúrò lórí koríko.

* * *

Nígbà tí Don Leobardo wà nínú ilé tó ń mu omi, Ulises pe Filemón sẹ́yìn òrùlé.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́fà àárọ̀. Ẹ má pẹ́ o. Nọ́ńbà ọgbọ̀n lẹ máa wọ̀."

"Ṣé bọ́ọ̀lù yẹn ò—"

"Bọ́ọ̀lù wo? Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yìí ti parí tipẹ́. Ẹnjiníà ti pè mí láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, wọ́n tún pe ọ̀gá mi àgbà. Wọ́n ní bí a ò bá gbà yín, àwọn á wá jókòó sẹ́nu géètì pẹ̀lú ọ̀pá àwọn." Ulises rẹ́rìn-ín, ó wá wo ojú Filemón. "Ṣé wọn ò sọ fún yín ni?"

Filemón gbọ́ ìró omi tí wọ́n fi ń fún koríko. Ṣẹ̀ṣẹ̀ṣẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ṣẹ̀.

"Rárá," ó wí. "Wọn ò sọ fún mi."

Ó rò pé òun á sọ fún bàbá náà nínú mọ́tò, bí wọ́n bá ń padà lọ. Á sọ ọ́ kí wọ́n tó dé orí òkè, kí adágún tó yọ. Ó ń to ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu nígbà tó rí mọ́tò dúdú Gerardo tó ń wọlé.

Gerardo kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó gbá bàbá rẹ̀ mọ́ra, ó bọ Filemón lọ́wọ́, ó sì ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Bàbá, nígbà tí ẹ pè mí láàárọ̀ pé ibí lẹ ń bọ̀, mo ní ó dára gan-an. Ilé mi ò ju ogún ìṣẹ́jú lọ síbí. Kí la tún fẹ́ padà sí Ajijic lọ ṣe? Ẹ jẹ́ ká kúkú máa lọ. Filemón á bá wa kó ẹrù yín wá lọ́sẹ̀ yìí."

"Domitila ti se ọbẹ̀," Don Leobardo wí.

"Domitila á jẹ ẹ́, Bàbá. Àwọn ọmọ ń dúró dè yín."

Don Leobardo gbé ojú sókè gẹ́gẹ́ bó ṣe gbé e sókè láàárọ̀. Filemón mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ̀rọ̀. Ó yẹ kó ní, Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn nílé wọn lónìí. Ó yẹ kó ní, èmi ni mo mú wọn wá síbí. Àmọ́ irọ́ àárọ̀ ti dí ẹnu ọ̀nà, òtítọ́ kankan kò lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde. Ó gbé àpò ọ̀pá sínú bùtù mọ́tò dúdú náà, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Wọ́n ran bàbá náà lọ́wọ́ wọ iwájú. Ó sọ fèrèsé kalẹ̀.

"Filemón."

"Sà."

"Bó o bá délé, wo adágún fún mi. Kó o wá pè mí, kó o sọ bóyá afẹ́fẹ́ náà jà."

* * *

Ìrọ̀lẹ́ ni ó dé orí òkè. Adágún yọ nísàlẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, àwọ̀ rẹ̀ bíi ti òjé. Fìlà Don Leobardo wà lórí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò mọ ìgbà tí bàbá náà bọ́ ọ síbẹ̀.

Domitila kò béèrè nǹkan. Gerardo ti pè é. Ó ti gbé tábìlì kékeré jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ọ̀sán, àga méjì kọjú sí omi, abọ́ méjì, ewé kọriáńdà nínú àwo, ata, àwọn tọ̀tíyà, àkàrà àgbàdo pẹrẹsẹ, tí ó fi aṣọ bò. Ọbẹ̀ ẹja náà ti tutù. Ọ̀rá ti dì lójú rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé e kaná," ó wí. "Bàbá ní ẹ ò ní pẹ́ dé. Wọ́n ní, 'Ìsàlẹ̀ ni Filemón máa yàn, mo mọ̀ ọ́n.' Wọ́n ní ìròyìn kan wà tí àwọn fẹ́ sọ fún ẹ nídìí ọbẹ̀, kí n má jẹ́ kó o gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn." Ó mú aṣọ kúrò lórí tọ̀tíyà, ó tún dá a padà. "Mexicano. Ìwọ ọkùnrin yìí. Ewé kan ò mì níbí láti àárọ̀."

Ó wọlé lọ. Filemón dúró nídìí ògiri. Ọkọ̀ apẹja ti lọ, àwọn ẹyẹ òfú ti dín kù, àwọn tó ṣẹ́ kù sì dúró bí tàárọ̀. Ó mú fóònù rẹ̀ jáde. Ó rò ó pé òun ṣì lè ní ó jà. Á ní igi wó, á ní ọkọ̀ kan dojú dé. Ta ni yóò já irọ́ náà?

Ó pe bàbá náà. Wọ́n gbé e lẹ́ẹ̀kan péré tó dún, bí ẹni pé ọwọ́ ti wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

"Ó jà?" Don Leobardo béèrè.

Ariwo ọmọdé àti ti tẹlifíṣọ̀n wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Kò jà, sà." Filemón ṣì ń wo omi. "Kò fẹ́ jà rárá láti àárọ̀. Mo mọ̀ ọ́n nígbà tí mo sọ ọ́."

Ilẹ̀kùn kan tì ní ọ̀hún, ariwo náà sì jìnnà.

"Ṣé àwọn ẹyẹ òfú wà níbẹ̀?"

"Wọ́n wà níbẹ̀."

"Àwọ̀ wo ni omi?"

"Òjé, sà. Apá ìwọ̀-oòrùn ń pọ́n díẹ̀."

"Jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Filemón tẹ̀ síwájú lórí ògiri, ó na fóònù sí adágún bí apá rẹ̀ ṣe lè gùn tó. Ó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́, títí tí èjìká fi ń ro ó, ó ń retí kí ìgbì kan péré fọwọ́ kan òkúta. Ṣùgbọ́n omi tí kò mì kì í dún.